Ìwọ̀n Òkè, Ìwọ̀n Ẹsẹ̀: Àlàyé lórí Yíyan Jíà Kẹ̀kẹ́ fún Ọ̀nà Olókè

Ìfáàrà

Mo dúpẹ́ pé Ẹ̀ka wa gbà kí a ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní Ìjẹ̀dẹ̀, nítorí pé ibí ni a bí mi sí, ibí náà ni mo sì ti kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn. Mo mọ̀ pé ẹnu yóò ya àwọn kan nínú yín pé ẹni tí ó ti ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó dìde láti ṣàlàyé jíà kẹ̀kẹ́. Ìdí méjì ni mo fi yan iṣẹ́ yìí. Èkíní ni pé àwọn tí ó ṣáájú wa ti fi hàn pé kò sí ìmọ̀ tí èdè Yorùbá kò lè gbé. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Bí ọmọ ọdún mẹ́fà bá lè fi èdè yìí ṣe ìṣirò, kò yẹ kí ó nira fún èmi. Ìdí kejì ni orúnkún mi ọ̀tún, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Jíà kì í ṣe àmì agbára; òṣùwọ̀n ni. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ìwọ̀n òkè àti ìwọ̀n ẹsẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó jẹ́ ìwọ̀n jíà. Ẹni tí ó bá yan jíà nítorí ojú ayé, orúnkún rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà.

Kẹ̀kẹ́ bàbá mi

Bàbá mi ń ta ẹja gbígbẹ. Kẹ̀kẹ́ Raleigh dúdú kan, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ni ó fi ń ru agbọ̀n ẹja láti etí ọ̀sà níhìn-ín lọ sí ọjà Ìkòròdú. Ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ olókè; ẹni tí ó bá ti Èkìtì wá yóò ní pẹrẹsẹ ni. Síbẹ̀, bí a ti ń kúrò létí omi ni ilẹ̀ ń ga díẹ̀díẹ̀, àwọn ibìkan sì wà tí ọ̀nà ti ń sọ̀kalẹ̀ kí ó tó tún gòkè. Ní irú ibẹ̀, bàbá mi a sọ̀kalẹ̀, a di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, a sì máa tì í. Àwa ọmọ a máa rò pé agbára rẹ̀ ti tán. Ní ọjọ́ kan mo bi í léèrè ìdí tí kò fi jókòó kí ó wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ọkùnrin. Kò bínú. Ó kàn wí pé, "Ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ kò ṣubú." Ó gbà mí ju ogójì ọdún lọ kí n tó mọ ohun tí ó wí.

Kẹ̀kẹ́ náà ṣì wà ní ilé wa. Láìpẹ́ yìí mo jókòó tì í, mo sì ka eyín rẹ̀. Àwo eléyín ti iwájú, èyí tí pẹ́dà ń yí, ní eyín 44. Àwo eléyín ti ẹ̀yìn, èyí tí ó ń yí táyà, ní eyín 18. Kò sí òmíràn lára rẹ̀. Jíà kan ṣoṣo ni ó ní, òun náà ni ó fi ń lọ lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, òun náà ni ó fi ń ko òkè lójú.

Ohun tí jíà ń ṣe

Ẹ jẹ́ kí a fi kẹ̀kẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ìṣirò wa. Bí pẹ́dà bá yí lẹ́ẹ̀kan, àwo iwájú yóò fa ṣéènì kọjá ní ìwọ̀n eyín 44. Àwo ẹ̀yìn tí kò ní ju eyín 18 lọ yóò ní láti yí ní ìgbà 2.44 kí ó tó lè gba gbogbo ṣéènì náà kọjá. Àyíká táyà kẹ̀kẹ́ bàbá mi tó mítà 2.2. Bí a bá sọ 2.44 di ìlọ́po 2.2, a ó rí i pé yíyí pẹ́dà kan ṣoṣo ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ síwájú ní mítà 5.4. Lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, èrè ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mú un lọ sí ẹsẹ̀ òkè.

Ká ní ọ̀nà kan ń ga ní mítà 8 nínú gbogbo mítà 100 tí a bá rìn. Mítà 5.4 lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jẹ́ gíga sẹ̀ǹtímítà 43. Èyí ni pé nígbà kọ̀ọ̀kan tí pẹ́dà bá yí, bàbá mi ní láti gbé ara rẹ̀, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti agbọ̀n ẹja rẹ̀ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 43. Ẹ fi ojú inú wo àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ìpele rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ga tó bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò gùn ún pẹ̀lú ẹrù?

Ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn yìí ni gbogbo àlàyé mi rọ̀ mọ́. Bí ilé méjì bá ga bákan náà, tí ọ̀kan ní ìpele gíga díẹ̀, tí èkejì sì ní ìpele kúkúrú púpọ̀, iṣẹ́ tí a ó ṣe kí a tó dé òkè kò yàtọ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ìwọ̀n iṣẹ́ tí a dì sí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Jíà fúyẹ́ kì í sọ òkè di pẹ̀tẹ́lẹ̀, kì í sì í dín gíga òkè kù ní ìka kan. Ó kàn ń gé òkè náà sí wẹ́wẹ́ ni, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti í pín iṣu oko rẹ̀ sí ẹrù mẹ́ta dípò kí ó fi ẹrù kan ṣoṣo ṣẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn.

Ọgbọ́n yìí náà ni bàbá mi lò. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò ní ìpele kúkúrú, ó sọ̀kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣe é. Ìgbésẹ̀ ẹni tí ó ń ti kẹ̀kẹ́ ni jíà tí ó fúyẹ́ jù lọ ní ayé ìgbà náà.

Orúnkún mi ní ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n

Èmi kò gbọ́n tó bàbá mi. Nígbà tí mo pé ẹni àádọ́ta ọdún, mo ra kẹ̀kẹ́ eré-ìje tòkúnbọ̀ kan, irú èyí tí táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ká bí ìwo àgbò. Ó ní àwo méjì níwájú, eyín 53 àti eyín 39. Ó ní àwo 11 lẹ́yìn, láti orí eyín 12 títí dé 25. Iye àwo yìí dùn mọ́ mi. Mo rò pé ẹni tí ó ní jíà tó bẹ́ẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ òkè. N kò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí jíà pọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí jíà fúyẹ́.

Ará Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni ìyàwó mi. Mo wá pinnu pé n ó gun kẹ̀kẹ́ láti Iléṣà lọ kí àwọn àna mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà náà mọ̀ pé ó kọjá lẹ́bàá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí òṣọọ̀rọ̀ omi Olúmirin wà, ó yà kúrò lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, ó sì gun àárín àwọn òkè lọ. Kí n tó kúrò nílé, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ti pẹ́ nínú kẹ̀kẹ́ gígùn sọ fún mi pé kí n wá àwo ẹ̀yìn tí ó ní eyín púpọ̀ sí i. Mo dá a lóhùn pé ti àwọn arúgbó nìyẹn. Nígbà tí mo dé ibi tí òkè ti le jù, mo ti wà lórí jíà mi tí ó fúyẹ́ jù, kò sì sí òmíràn mọ́. Mo dìde lórí ìjókòó, mo ń fi gbogbo ìwúwo ara mi tẹ pẹ́dà. Ohun kan ta mí lórúnkún bí abẹ́rẹ́. N kò sọ̀kalẹ̀. Ojú ń tì mí nítorí àwọn ọmọ tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń wò mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tiro, dókítà sì sọ fún mi pé kí n yí ọ̀nà tí mo ń gbà gun kẹ̀kẹ́ padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n pa á tì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ìkòròdú ni ó là mí lójú. Ó yí kẹ̀kẹ́ mi dojú bolẹ̀, ó ka eyín, ó sì wí pé, "Bàbá, kò sí láburú lára ẹsẹ̀ yín. Eyín ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yín ni kò pọ̀ tó."

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Àyíká táyà kẹ̀kẹ́ eré-ìje tó mítà 2.1. Eyín 39 níwájú pẹ̀lú 25 lẹ́yìn ń gbé mi lọ ní mítà 3.28 ní yíyí kan. Lórí òkè wa tí ó ga ní 8 nínú 100, ìpele mi ga ní sẹ̀ǹtímítà 26. Bí ó bá jẹ́ 34 níwájú pẹ̀lú 28 lẹ́yìn, ìpele náà yóò di 20. Bí ó bá jẹ́ 34 níwájú àti 34 lẹ́yìn, táyà yóò yí lẹ́ẹ̀kan fún yíyí pẹ́dà kan, ìpele náà yóò sì di 17. Láti gun òkè tí ó ga ní mítà 100, jíà mi àkọ́kọ́ ń béèrè nǹkan bí yíyí 382, èyí tí ó fúyẹ́ jù sì ń béèrè 595. Yíyí náà pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò fọ́ orúnkún.

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀dẹ̀ mọ ohun tí a ń pè ní wáàtì, nítorí pé aládùúgbò Ẹ̀gbìn ni yín, níbi tí ẹ̀rọ mẹ́fà wà tí a ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti pèsè mẹ́gáwáàtì 220. Ẹsẹ̀ ẹni ọdún àádọ́ta tí ara rẹ̀ le dáadáa lè pèsè nǹkan bí wáàtì 150 sí 200 fún wákàtí kan. Bí èmi àti kẹ̀kẹ́ mi bá jọ wúwo tó kílógíráàmù 90, nǹkan bí wáàtì 160 ni yóò ná mi láti gun òkè wa yìí ní kìlómítà 8 ní wákàtí kan. Mo lè ṣe é, ṣùgbọ́n kò sí púpọ̀ tí yóò ṣẹ́kù. Ní ìwọ̀n eré yìí, jíà mi àtijọ́ ń mú kí n yí pẹ́dà ní ìgbà 41 péré ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tí ó fúyẹ́ jù ń jẹ́ kí n yí i ní ìgbà 63. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ ni ó rọrùn fún láti yí pẹ́dà ní ìgbà 70 sí 90 lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí iye náà bá wálẹ̀ sí 40 lórí òkè, títẹ̀ kọ̀ọ̀kan di wíwúwo, orúnkún ni ó sì ń ru ìyókù.

Ìtìjú jíà fúyẹ́

Kì í ṣe èmi nìkan ni ìtìjú yìí mú. Ní ilẹ̀ Faransé, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Paul de Vivie, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Vélocio, fi ọ̀pọ̀ ọdún polongo jíà tí a lè yí padà. Ní ọdún 1902, wọ́n ṣe ìdánwò kan ní àárín òkè. Obìnrin kan, Marthe Hesse, gun kẹ̀kẹ́ onijíà mẹ́ta. Édouard Fischer, ògbólógbòó eléré-ìje, gun kẹ̀kẹ́ onijíà kan. Obìnrin náà ni ó borí. Ṣùgbọ́n Henri Desgrange, ẹni tí ó dá eré-ìje Tour de France sílẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, kò gbà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ pé àwọn tí ó ti kọjá ọdún 45 ni irú jíà bẹ́ẹ̀ wà fún, iṣan ni ó sì yẹ kí ọkùnrin fi borí. Títí di ọdún 1937 ni eré-ìje náà kò fi gba apá tí ń ti ṣéènì láti orí àwo kan sí òmíràn láàyè fún àwọn òléwájú. Lónìí, kò sí ẹnìkan nínú wọn tí yóò gun òkè láìsí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ń pè wọ́n ní arúgbó.

Nígbà tí mo kà nípa ọ̀rọ̀ Desgrange, mo rẹ́rìn-ín ara mi. Ohun tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi gan-an ni. Mo sì ti kọjá ọdún 45 nígbà tí mo sọ ọ́.

Bí a ṣe ń yan jíà

Ìgbésẹ̀ kìíní ni pé kí a mọ òkè wa. Kí a má wọn ara wa ní òwúrọ̀ tí ara ṣì le. Kí a wọn ọ́n pẹ̀lú ibi tí ó ga jù lójú ọ̀nà, ní wákàtí tí ó ti rẹ̀ wá jù. Jíà tí a kò lò kò wúwo lápò, ṣùgbọ́n èyí tí a nílò tí kò sí lára kẹ̀kẹ́, kò sí ibi tí a ó ti rí i rà ní àárín òkè.

Ìgbésẹ̀ kejì ni pé kí a fi ojú ara wa ka eyín. Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń ta tòkúnbọ̀ gbọ́ pé jíà 20 ni kẹ̀kẹ́ náà ní. Ẹ pín iye eyín àwo iwájú tí ó kéré jù sí iye eyín àwo ẹ̀yìn tí ó tóbi jù. Bí èsì bá ju 1.5 lọ, kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ nìyẹn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Bí ó bá wà nítòsí 1.2, ó tó fún òkè tí kò gùn. Ẹni tí ó ń lọ sí Èkìtì tàbí Ìdànrè, tí kì í sì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́, kí ó wá èyí tí ó súnmọ́ 1.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni pé kí a fi ẹ̀yìn ṣáájú. Àwo ẹ̀yìn ni ó sábà ń rọrùn láti pààrọ̀, òun ni kì í sì í náni lówó púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni a ní láti yẹ̀ wò. Iye àwo ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bá ọwọ́ jíà mu. Ọwọ́ jíà tí a ṣe fún àwo 9 kò lè darí àwo 11. Apá tí ń ti ṣéènì lẹ́yìn ní òdiwọ̀n eyín tí ó lè gùn. Apá kúkúrú tí ó wà lára kẹ̀kẹ́ mi kò lè kọjá 28. Bákan náà ni apá yìí gbọ́dọ̀ lè fa ṣéènì tí ó bá dẹ̀ mọ́ra. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣírò èyí ni pé kí a yọ àwo iwájú kékeré kúrò nínú ńlá, kí a yọ àwo ẹ̀yìn kékeré kúrò nínú ńlá, kí a sì pa èsì méjèèjì pọ̀. Fún 50 àti 34 níwájú, pẹ̀lú 11 sí 34 lẹ́yìn, a ó rí 16 àti 23, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 39. Apá gígùn ni ó lè gba èyí. Ṣéènì náà gbọ́dọ̀ gùn tó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí a bá gbé e sórí àwo ńlá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, yóò ya ohun kan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni iwájú. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń ra ohun tí kò wọ kẹ̀kẹ́ wọn. Àwọn bóòtù tí ó de àwo iwájú mọ́ ọ̀pá pẹ́dà tò ní òbìrí. Bí ìbú òbìrí náà bá jẹ́ mìlímítà 130, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ eré-ìje àtijọ́, àwo tí kò tó eyín 38 kò lè wọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ 110, eyín 34 yóò wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Ẹni tí ó ní 130 yóò ní láti pààrọ̀ ọ̀pá pẹ́dà pẹ̀lú.

Kí ni a ó pàdánù? Àlàfo láti jíà kan sí èkejì yóò fẹ̀ díẹ̀, a ó sì máa mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé àwọn yóò pàdánù eré. Ẹ wò ó: 53 pẹ̀lú 12, tí mo ní tẹ́lẹ̀, jẹ́ 4.42; 50 pẹ̀lú 11, tí mo ní nísinsìnyí, jẹ́ 4.55. Bí mo bá yí pẹ́dà ní ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú kan, kẹ̀kẹ́ yóò sáré ju kìlómítà 51 lọ ní wákàtí kan. Ẹni tí ó wà ní ọjọ́ orí mi kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí a ṣe ń lò ó

Kí a yí jíà kí òkè tó di líle, nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì fúyẹ́ lórí pẹ́dà. Ẹni tí ó bá dúró títí pẹ́dà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró kí ó tó yí i, ṣéènì rẹ̀ yóò ké, ó sì lè já. Kí a jókòó, kí a má kánjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé jíà wa tọ́? Òdiwọ̀n kan wà tí kò gba ìṣirò rárá, inú ìwà wa ni mo sì ti rí i: bí a bá lè dáhùn ìkíni lórí òkè, jíà wa tọ́.

Ìparí

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, mo padà sí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n pẹ̀lú 34 níwájú àti 34 lẹ́yìn. Ní ibi tí orúnkún ti ta mí, mo bá ìyá kan tí ó ru igi ìdáná. Eré mi kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìrìn rẹ̀ lọ, nítorí náà a jọ lọ fún ìgbà díẹ̀. Ó kí mi pé, "Ẹ kú ìrìn o, bàbá." Mo dáhùn pé, "Ẹ kú ẹrù o, ìyá." Ó béèrè ibi tí mo ń lọ, mo ní ilé àna mi ni, ó ní kí n bá òun kí wọn. Ní ọdún tí ó ṣáájú, bí ó bá kí mi, n kò ní í lè dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní í lè kí i.

Mo dé Ẹ̀fọ̀n láìsọ̀kalẹ̀, orúnkún kò sì dùn mí. Ṣùgbọ́n n kò sọ èyí láti fi yangàn. Bí òkè kan bá ju 34 sí 34 lọ lọ́la, n ó sọ̀kalẹ̀, n ó sì ti kẹ̀kẹ́ mi gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ti ṣe. Jíà kan náà ni.